Ẹran Alámọ̀ Ọ̀bà-Àkókó

Bí ènìyàn bá gba Ọ̀wọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́, yóò kan Ọ̀bà-Àkókó kí ó tó dé Àkùngbá. Níbẹ̀ ni èmi àti àwọn ọmọ ìbátan mi ti fi ọjọ́ ìsinmi mọ ewúrẹ́, àgbò àti ìjàpá. Oníkálùkù fín àmì tirẹ̀ sí i lára. A fẹ́ fi owó wọn ra ìwé fún ọmọ aládùúgbò kan tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì lágbègbè wa. Ní 1971, Ekpo Eyo hú àwọn ère amọ̀ jáde ní Igbó'Láàjà, Ọ̀wọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹkùn tó gbé ẹsẹ̀ ènìyàn há ẹnu; ó ti lé ní 500 ọdún.

Ìkánjú ba tiwa jẹ́: amọ̀ kò tíì gbẹ tí a fi sun ún, ìdajì sì fọ́. A fi ẹfun àti osùn kun ìyókù. Ìyá arúgbó kan mú àgbò tí ìwo rẹ̀ ti kán, kò sì ná an.

“Ọmọ mi, ìwo kọ́ ni mo rà, ìwé ọmọ ni.”

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ jẹ́ kí amọ̀ gbẹ dénú ní ibòji kí ó tó wọ iná.