Ta Ló Tà, Kí Ló Kù Nílẹ̀?

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1997, ẹnì kan da ìpín mílíọ̀nù kan ààbọ̀ nínú ilé iṣẹ́ Apple sójà lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì jẹ́ kí wọ́n mọ òun. Iye ìpín ọ̀hún, tó ti ń já bọ̀ tẹ́lẹ̀, tún lọlẹ̀ sí i. Ìgbà tó yá ni àṣírí tú pé Steve Jobs ni. Ìpín tí Apple fi san apá kan owó tó fi ra NeXT, ilé iṣẹ́ rẹ̀, ló tà, tó ṣẹ́ ẹyọ kan péré kù.

Irú ìròyìn báyìí kì í jẹ́ kí olùdókòwò kékeré sùn. Bí ẹni tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ bá ń tà, kí ni ará ìta ń dúró dè? Síbẹ̀, ẹni tó tìtorí rẹ̀ ta tirẹ̀ nígbà náà tà á ní ọ̀pọ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí Jobs fúnra rẹ̀ gba àkóso ilé iṣẹ́ náà.

Ohun tó yẹ ní wíwò ti wà nínú ìwé ìṣirò tipẹ́. Ní 1995, àwọn oníbàárà ń wá kọ̀ǹpútà Power Mac tó lágbára, Apple kò sì rí i ṣe tó. Nígbà tí Kérésìmesì dé, àwọn kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú ló kún ilẹ̀, wọn ò sì tà bí wọ́n ṣe rò. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 1996, Apple pàdánù mílíọ̀nù 740 dọ́là. Ọjà tó kú sílẹ̀ nìkan kó mílíọ̀nù 388 nínú rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọjà àkópamọ́. Èròjà tó wọ́n lónìí lè di ẹdínwó kí oṣù mélòó kan tó pé, bí tuntun bá sì ti jáde, ti àná di ìkángun ọjà. Tim Cook, tó dé Apple ní oṣù Kẹta 1998, sọ pé bí ẹni ń ta wàrà ló yẹ kéèyàn ṣe é: bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, wàhálà dé. Ọjà tó wà nílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 1997 tó mílíọ̀nù 437 dọ́là. Lẹ́yìn ọdún kan, mílíọ̀nù 78 ló kù. iMac jáde ní oṣù Kẹjọ 1998, wọ́n sì ta 278,000 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọjà ń dín kù nílẹ̀, èrò sì ń pọ̀ sí i.

Peter Lynch, gbajúmọ̀ olùdókòwò, ti sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀, One Up on Wall Street, ní 1989. Bí ọjà tó wà nílẹ̀ bá ń pọ̀ ju bó ṣe ń tà lọ, kéèyàn ṣọ́ra. Ní ti àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́, ìdí tí wọ́n fi ń ta ìpín pọ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń rà á kò ju ẹyọ kan lọ, pé wọ́n gbà pé yóò gbówó lórí.

Ṣùgbọ́n ìwé ìṣirò náà lè fi nǹkan pamọ́. Nígbà tí ọdún ìṣirò 2000 parí, ọjà tó wà lọ́wọ́ Apple kò ju mílíọ̀nù 33 dọ́là lọ. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, iye ìpín rẹ̀ já ju ìdajì lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, torí ilé iṣẹ́ náà kìlọ̀ pé ọjà ò tà tó. Ọ̀dọ̀ àwọn alágbàtà ni ẹrù wà. Bí kọ̀ǹpútà bá ti kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó tà, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ tíì gbé e délé. Ní oṣù Kejìlá, Apple jẹ́wọ́ pé ọjà ọwọ́ àwọn alágbàtà ti pọ̀ jù. Oṣù mẹ́ta yẹn parí pẹ̀lú àdánù mílíọ̀nù 195 dọ́là.

Láti ìgbà tí òfin Sarbanes-Oxley ti dé ní 2002, ọ̀gá tó bá ta ìpín ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú Fọ́ọ̀mù 4 láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méjì, pẹ̀lú iye tó kù sí i lọ́wọ́. Ní ti ẹrù tó jókòó sọ́dọ̀ alágbàtà, olùdókòwò kékeré ṣì ń dúró di ìgbà tí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ mẹ́nu bà á.