Ẹnì Kan, Ìlà Kan

Nínú Access, kọ́lọ́ọ̀mù 255 ni ilẹ̀ parí sí. Excel ní tirẹ̀ ti ń gba kọ́lọ́ọ̀mù 16,384 láti ọdún 2007, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi ẹ̀rọ tí Access ń lò béèrè ohun tó wà nínú Excel náà, 255 àkọ́kọ́ nìkan ló máa gbé wá. Kò ní pariwo, kò ní tọrọ gáfárà. Ẹni tí kò bá ka kọ́lọ́ọ̀mù níkọ̀ọ̀kan á rò pé gbogbo rẹ̀ ló dé.

Àkọsílẹ̀ àwọn ilé tí òkun ń lé ní etí omi Ìlàjẹ ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ayétòrò, tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, wà lára wọn, òkun sì ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n gbé fún wa ní ogún ìbéèrè nípa ilé, ó wá ní méjìlá nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń gbé inú rẹ̀. Ilé kan, ìlà kan. Àwọn èèyàn inú ilé tò lọ sí apá ọ̀tún: ẹnì kìíní, ẹnì kejì, títí dé ẹni kẹrìnlélógún. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ẹni kọkàndínlógún parí sí kọ́lọ́ọ̀mù 248. Ẹni ogún rí ìdáhùn méje mú wọlé, márùn-ún yòókù bómi lọ. Àwọn mẹ́rin tó tẹ̀ lé e kò tilẹ̀ sí láyé.

Irú ilé wo ló ń ní èèyàn ogún? Bí omi bá gbé ilé mẹ́ta lọ, ilé kẹrin ló ń kún: àbúrò á kó ìyàwó àtọmọ wá bá ẹ̀gbọ́n, ìyá arúgbó á tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó bá dé gbẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ gbẹ̀yìn. Àwọn tí òkun ti lé kúrò nílé gan-an ló wá wà ní ìparí ìlà, àwọn náà ni ẹ̀rọ gé dànù. Bẹ́ẹ̀, nítorí tiwọn la ṣe ń kọ orúkọ.

Ọ̀nà àbáyọ kò gba owó. Ẹ̀rọ náà gbà kí a dárúkọ apá tí a fẹ́ kó kà. Mo ní kó kọ́kọ́ ka A dé IN, níbi tí ẹni kọkàndínlógún parí sí. Mo fi kọ́lọ́ọ̀mù tuntun kan sí IO, mo da nọ́ńbà ilé kọ síbẹ̀ kí apá kejì má bàa di ọmọ òrukàn, mo wá ní kó máa kà láti ibẹ̀ lọ. Ó máa ń wu èèyàn láti so méjèèjì pọ̀ padà, ṣùgbọ́n èsì náà kò gbọ́dọ̀ ju 255 lọ. UNION ALL ni mo lò, mo to àwọn èèyàn sísàlẹ̀: nọ́ńbà ilé, ipò ẹni náà nínú ilé, ìdáhùn méjìlá. Kọ́lọ́ọ̀mù mẹ́rìnlá péré. Kí ilé kan ní ogójì èèyàn, kò kàn án.

Ìsàlẹ̀ náà ní òpin tirẹ̀ o. Fáìlì Excel àtijọ́ kì í gbà ju ìlà 65,536 lọ, òun ló jẹ́ kí èèyàn 15,841 tó ní àrùn Kòrónà ní England má wọ inú iye tí ìjọba ń kéde lójoojúmọ́, láàárín ìparí oṣù kẹsàn-án sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ọdún 2020. Fáìlì tòní ń gba ju mílíọ̀nù kan lọ. Etí omi Ìlàjẹ kò lè kún un.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọ̀rọ̀ gígùn. Yàtọ̀ sí nọ́ńbà orí fọ́ọ̀mù, ilé kò ní nọ́ńbà lọ́dọ̀ wa, àpèjúwe la fi ń mọ̀ ọ́n. A bi màmá kan níbi tí ilé rẹ̀ wà. “Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni, ọmọ mi, èyí tí omi ti gbé, kì í ṣe tuntun.” Ó ń ka àmì lọ, èyí tó ṣì wà àtèyí tí kò sí mọ́. Nígbà tí mo pe ìdáhùn rẹ̀ jáde lójú ẹ̀rọ, ó dúró síbi “òpó iná tó ti dùbú”. Ibi tí ilé fúnra rẹ̀ wà ló kù sẹ́yìn.

Ẹ̀rọ náà ń wo ìlà mẹ́jọ àkọ́kọ́ kó tó pinnu irú ohun tó wà nínú kọ́lọ́ọ̀mù. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ tó ju lẹ́tà 255 lọ nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, á gbà pé kò síbòmíì, á sì gé ìyókù. Ìyà sì jẹ Yorùbá jù níbẹ̀: lẹ́tà méjì ni kọ̀ǹpútà ń ka ẹ́ sí, ẹ lọ́tọ̀, àmì ohùn lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fàmì sọ́rọ̀ dáadáa ló ń tètè dé bèbè. Mi ò ní torí ìyẹn sọ pé kí ẹnikẹ́ni yọ àmì. Ẹ fi LEN ka gígùn ìdáhùn, kí ẹ to èyí tó gùn jù sókè pátápátá kí ẹ̀rọ tètè rí i. Ẹ tún lè sọ TypeGuessRows di òdo nínú registry, bí ọ̀gá kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ yín bá gbà fún yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fọ́ọ̀mù wá sí Ayétòrò àti Àwóyè, mo bẹ̀ yín, ẹ má to èèyàn lọ sí apá ọ̀tún mọ́. Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ láti orí fọ́ọ̀mù. Kí ẹ tó fi iye ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́ tàbí Àbújá, ẹ ka orí tó wà nínú Excel, ẹ ka èyí tó jáde lójú ẹ̀rọ. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ má tíì fọwọ́ sí i.