Lámilámi Tó Gbójú Lé Pátákò Màlúù

Kẹ̀kẹ́ ni mo yá ní Brockenhurst, nílẹ̀ England, lẹ́yìn tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè tó gbé mi wá láti Southampton. Oṣù kẹfà ni, oòrùn ti ràn dáadáa, afẹ́fẹ́ kò sì le. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kéèyàn yàn, torí pé bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, inú koríko ni ohun tí mò ń wá máa ń sá wọ̀. Mo gba ọ̀nà Beaulieu, mo la pápá kọjá, títí mo fi dé ìṣàn omi tí wọ́n ń pè ní Crockford.

New Forest ni gbogbo agbègbè náà ń jẹ́. Ọba William Aṣẹ́gun ló yà á sọ́tọ̀ fún ọdẹ ṣíṣe ní nǹkan bí ọdún 1079. Ẹni tó bá ń retí igbó kìjikìji nìkan yóò rí i pé pápá gbalasa pọ̀ níbẹ̀. Ẹṣin kúkúrú àti màlúù ń jẹ̀ kiri láìsí okùn lọ́rùn. Wọ́n lólówó o: àwọn ará àdúgbò tó ní ẹ̀tọ́ àtayébáyé láti da ẹran síbẹ̀ ló ni wọ́n. Bí wọ́n bá dúró sáàárín títì, ọkọ̀ ló máa ń dúró dè wọ́n.

Southern damselfly ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe lámilámi tí mo wá wò. Coenagrion mercuriale ló ń jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀. Kò gùn ju nǹkan bí 30 milimítà lọ, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́. Tó bá bà, ẹ̀yìn ló máa ń pa ìyẹ́ dé sí, kì í tẹ́ ẹ sílẹ̀ bíi ti àwọn lámilámi ńláńlá. Àwọ̀ búlúù àti dúdú ni ti akọ. Ní oríkèé kejì ikùn rẹ̀, àmì dúdú kékeré kan wà tó jọ èyí tí àwọn awòràwọ̀ fi ń dúró fún pílánẹ́ẹ̀tì Mercury, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti mú orúkọ rẹ̀.

Mo na gbalaja sétí omi, àyà mi kan ilẹ̀. Tọkọtaya kan bà sórí ewé tó léfòó. Ìdí ni akọ fi di abo mú lọ́rùn, ó wá dúró gbọnrangandan sókè, kò fẹsẹ̀ kan ohunkóhun. Abo tẹ ikùn wọ inú omi, ó ń gún ara igi ewéko náà, ó ń ki ẹyin bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí akọ mìíràn fò kọjá, èyí tó wà lórí gbọn ìyẹ́ pìpì, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹwà nǹkan yìí mú mi gbàgbé pé aṣọ mi ti tutù.

Ọdún méjì ni ọmọ tó bá jáde nínú ẹyin náà máa ń lò nísàlẹ̀ omi nílẹ̀ Britain. Ẹ̀yà mẹ́ta tó tẹ́ pẹrẹsẹ ló wà nídìí rẹ̀ tó ń bá a gba afẹ́fẹ́ inú omi. Ètè ìsàlẹ̀ ni ohun ìjà rẹ̀: ó ká a pọ̀ sábẹ́ orí, bí kòkòrò kékeré bá sì súnmọ́ ọn, á nà án jáde fìrí, á fi gbá a mú. Lẹ́yìn gbogbo èyí, bó bá gun koríko jáde tó bọ́ awọ, bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì péré ló sábà máa ń kù fún un láyé.

Omi tó ń fẹ́ ṣòroó rí: kó má jìn, kó máa ṣàn díẹ̀díẹ̀, kó má gbẹ, kó má di yìnyín, kí oòrùn sì máa dé ibẹ̀. Màlúù àti ẹṣin wà lára ohun tó ń mú kó rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń jẹ koríko etí omi kó má baà ga, wọn kì í jẹ́ kí igi kéékèèké hù di ibòòji, pátákò wọn sì ń tẹ bèbè odò wọlẹ̀ kí omi lè tẹ́. Bí ẹran bá pọ̀ jù, wọ́n á ba ibẹ̀ jẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun fẹ́ dáàbò bo kòkòrò yìí, tó wá lọ fi wáyà yí omi ká kí ohunkóhun má dé ibẹ̀, ń pa á ni. Láti 1998 ni òfin ti sọ ọ́ di èèwọ̀ láti mú un tàbí láti pa á. Òfin nìkan kò sì lè jẹ koríko.

Ìyá àgbàlagbà kan wá wo ẹṣin rẹ̀ nítòsí. Mo kí i, mo béèrè bóyá èrè wà nínú ẹran dídà. Ó ní kò sí èrè kan tó tó nǹkan, pé bàbá òun ló fi sílẹ̀ fún òun. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kó mi lọ́kàn sókè, torí ọwọ́ àwọn ẹni bíi tirẹ̀ ni ẹ̀mí àwọn lámilámi yìí wà.

Bí omi kan bá bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọn kì í lè lọ jìnnà. Àwọn onímọ̀ tó fi àmì sí ìyẹ́ wọn ní àfonífojì odò Itchen rí i pé púpọ̀ nínú wọn kì í rìn ju 100 mítà lọ ní gbogbo ayé wọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ènìyàn ló kó wọn láti New Forest lọ sí Venn Ottery ní Devon ní 2009, kí wọ́n lè tún wà níbi tí wọ́n ti kú tán.

Nígbà tó yá mo lọ wo ti Itchen náà, lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú Southampton. Àwọn kòtò omi àtijọ́ ni wọ́n ń gbé níbẹ̀, èyí tí àwọn àgbẹ̀ ìgbà kan gbẹ́ láti máa darí omi sórí pápá kí koríko lè tètè hù. Níbi tí màlúù ti ń mumi, akọ aláwọ̀ búlúù pọ̀ lórí ewé. Ní ìkọjá wáyà, níbi tí ẹran kò lè dé, koríko ti ga jù mí lọ ó sì ti bo omi mọ́lẹ̀. Mo wá ibẹ̀ títí, mi ò rí ẹyọ kan.