Kíkó Ẹrù Láìsọ Ìtàn Nù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ kóòdù, ẹ lọ wo fódà tẹ́ ẹ pè ní “utils”. Tó bá jọ tiwa, gbogbo fáìlì tí kò rílé ló ń sùn síbẹ̀. Tiwa ti kún débi pé àwa mẹ́rin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ pinnu láti tún un tò: ti owó sísan lọ sí fódà tirẹ̀, ti oníbàárà náà lọ sí tirẹ̀.

Ọ̀kan nínú wa ní ká dúró ná. Ẹ̀gbọ́n wa kan tí wọ́n ti dolóògbé ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú kóòdù owó sísan. Tá a bá lo git blame, orúkọ wọn ló ń jáde níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ la sì ti ń dé ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́.

Git, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2005, kì í kọ ọ́ sílẹ̀ pé fáìlì kan ṣí lọ síbòmíì. Bí àwọn fáìlì ṣe rí nígbà commit kọ̀ọ̀kan ló ń tọ́jú. Tá a bá béèrè ìtàn, á wo èyí tó pòórá àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú. Tí wọ́n bá fi ìdá 50 nínú 100 jọra, ó gbà pé ọ̀kan náà ni. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbé fáìlì, tẹ́ ẹ sì tún un kọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè má dá a mọ̀ mọ́. Gbogbo ìlà á wá di tẹni tó gbé e.

Torí náà, a pín in sí méjì. Commit àkọ́kọ́, gbígbé nìkan. A ò fọwọ́ kan lẹ́tà kankan. Ìkejì, a tún àwọn import tó ti ṣìnà ṣe. Òótọ́ ni, app ò ní ṣiṣẹ́ láàárín méjèèjì, àmọ́ a gbà bẹ́ẹ̀. A ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi squash sọ wọ́n dọ̀kan nígbà merge.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa fẹ́ yọ ìlà kan tó ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kó tó tún owó béèrè lọ́wọ́ báǹkì. Ó kọ́kọ́ wo blame. Ẹ̀gbọ́n wa ti ṣàlàyé ẹ̀ síbẹ̀: láìdúró, owó oníbàárà lè jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ìlà náà sílẹ̀. Kò rí wọn sójú rí.