Òkúta Tí Ó Ti Jẹ́ Ẹrẹ̀ Rí

Àwọn àgbà a máa wí pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n onígbàjámọ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ pàtàkì kan wà tí òun gbọ́dọ̀ ṣe kí olórí tó jókòó. Iṣẹ́ náà ni pípọ́n abẹ.

Ní etí òkun Ìlàjẹ, ní agbègbè Ayétòrò tí a tẹ̀ dó ní ọdún 1947, bàbá arúgbó kan wà tí ó ti ń fárí àwọn apẹja láti ìgbà èwe rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò dàbí ilẹ̀ Ìdànrè tí òkè àpáta yí ká. Omi, iyanrìn àti ẹrẹ̀ ni ó kún ibẹ̀. Ọmọdé tí ó bá ń wá òkúta tí yóò sọ lu ẹyẹ yóò wá a títí, kò ní rí i. Nítorí náà, ohun iyebíye ni òkúta tí a fi ń pọ́n abẹ jẹ́ lójú bàbá yìí. Mẹ́ta ni ó ní. Ó ra méjì lọ́jà. Ẹ̀kẹta, tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ni ọmọ rẹ̀ atukọ̀ mú bọ̀ láti ilẹ̀ Jàpáànù. Inú àwọn òkè tí ó wà lẹ́bàá ìlú Kyoto ni wọ́n ti wa irú òkúta bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, bàbá pe ọmọọmọ rẹ̀ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní, "Orí mi ni ìwọ yóò kọ́kọ́ fá. Lọ pọ́n abẹ." Abẹ tí ó nà sí i kì í kan orí ẹlòmíràn, nítorí àwọn àrùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri, abẹ tuntun ni bàbá ń lò fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ náà fi òkúta kìíní, tí ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki, pọ́n abẹ títí ẹnu rẹ̀ fi jáde. Ó fi èkejì pa àwọn ìlà tí èkíní fà sí i rẹ́. Nígbà tí ó kan ẹ̀kẹta, ó rò pé bí òun bá tẹ abẹ mọ́ ọn gidigidi, iṣẹ́ yóò yá. Ṣùgbọ́n bí ó ti gbé abẹ lé orí bàbá, ńṣe ni ó ń fa irun tu dípò kí ó gé e. Ẹ̀jẹ̀ sì yọ. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Bàbá nu ẹ̀jẹ̀ náà nù, kò sì bínú. Ó ní, "Òkúta méjì àkọ́kọ́ ń fẹ́ agbára. Ẹ̀kẹta kò fẹ́ ẹ. Ìwúwo abẹ fúnra rẹ̀ ti tó."

Ó kán omi sí òkúta náà, ó sì fi ẹ̀rún òkúta ha ojú rẹ̀ títí omi náà fi ki bí ẹ̀kọ. Ó tẹ́ abẹ lé e pẹlẹbẹ, kí ẹ̀yìn àti ẹnu rẹ̀ jọ kan òkúta, ó sì ń tì í, ẹnu ni ó ṣáájú. Bí ó ti ń pẹ́ sí i ni ọwọ́ rẹ̀ ń fúyẹ́ sí i. Bí ó ti ń ṣe é, ó sọ ohun tí ọmọ rẹ̀ atukọ̀ ròyìn fún un, èyí tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ náà jẹ́rìí sí: òkúta yìí ti jẹ́ ẹrẹ̀ rí. Ó ju 200 mílíọ̀nù ọdún lọ tí eruku kíkúnná ti rọra rọ̀ sí ìsàlẹ̀ òkun, tí ìpele ń gun orí ìpele, títí ìwúwo wọn fi sọ wọ́n di òkúta. Kíkúnná eruku náà ni kò jẹ́ kí ó ha ẹnu abẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dán an.

Ọmọ náà wo ẹrẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ilé wọn tí a fi òpó gbé ró, ẹnu sì yà á. Ó gba abẹ, ó tún un pọ́n láìkánjú, ó sì fà á lórí awọ, ẹ̀yìn ni ó ṣáájú lọ́tẹ̀ yìí.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó fá orí bàbá láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Arúgbó náà fi ọwọ́ pa orí rẹ̀, ó ní, "Ó dán." Láti ọjọ́ náà ni òkúta kékeré náà ti wà lọ́wọ́ ọmọ náà. Agbára ní í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Sùúrù ní í parí rẹ̀.