A Mọ̀, A Sì Dákẹ́

Mẹ́rin ni wá nínú yàrá kan lẹ́yìn ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ìkòkò kan la fi ń se ìrẹsì, a jọ ń dá owó gáàsì, kò sì sí ẹni tí owó á tán lọ́wọ́ rẹ̀ tí àwọn yòókù ò ní mọ̀. Prof là ń pe ìkẹrin wa, torí kò sí ẹni tó lè kàwé mọ́jú bíi tirẹ̀. Àwa mẹ́ta tó kù la ń kọ èyí.

Prof máa ń ru búlọ́ọ̀kù lópin ọ̀sẹ̀ kó lè rówó jẹun. Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀yìn ń dùn ún, ẹnì kan níbi iṣẹ́ sì fún un ní tramadol. Ìrora lọ, oorun náà lọ, ó kàwé títí ilẹ̀ fi mọ́. Àwa gan-an yìn ín. Ọ̀kan nínú wa tiẹ̀ ní kó fún òun náà ní ẹyọ kan.

Kò pẹ́, ọ̀kan di méjì, méjì di mẹ́rin. Ọ̀kan náà ni tramadol àti morphine àti codeine nínú ìdílé oògùn: bó bá ti mọ́ ara, iye tó tó lánàá kì í tó lónìí mọ́. Lọ́jọ́ tí kò bá rí i lò, òógùn á bò ó, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, inú á máa run ún. Ó ń yá owó lọ́wọ́ wa, a sì ń yá a. Ìyá rẹ̀ pè wá: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé kò sí o? Ọ̀rẹ́ yín kì í gbé fóònù mọ́." A dáhùn pé, "Kò sí nǹkan kan, Mà. Ìwé ló ń kà." Irọ́ ni. Ó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì níwájú wa.

Lálẹ́ Sátidé kan, ó ṣubú lulẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń já, itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹnì kan pariwo pé wárápá ni. Òmíràn mú ṣíbí, ó fẹ́ kì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Àṣìṣe ni: ńṣe ló yẹ ká dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ká má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu. Dókítà bi wá pé, "Kí ló lò?" A wo ara wa lójú. Nígbà tá a sọ ọ́ tán, ó ní tramadol tó pọ̀ jù lè fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe yàrá tiwa nìkan. Ìwádìí tí ìjọba àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní 2019 fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.3 èèyàn ní Nàìjíríà ló lo oògùn nílòkulò láàárín ọdún kan, láìka ọtí mọ́ ọn. Ìjọba fòfin de omi ikọ́ tó ní codeine ní 2018, ṣùgbọ́n òfin ò lè bá wa bi alájọgbé wa pé kí ló ń ṣe ọ́.

Prof gba ìtọ́jú. Irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ wà ní Aro l'Ábẹ́òkúta àti ní Yábàá l'Ékòó. Ó pàdánù sáà kan, ṣùgbọ́n ó ti padà sí kíláàsì. Àwọn ọjọ́ kan ṣì máa ń le fún un. Nínú gbogbo ohun tó bá wa sọ, èyí ni a ò lè gbàgbé: "Ẹ mọ̀, ẹ ò sì bi mí."

Àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, tí ẹ bá rí i, ẹ bi í. Ẹ má yá a lówó, ẹ má bá a parọ́ fún ìyá rẹ̀. Ẹ wá àgbàlagbà kan tẹ́ ẹ fọkàn tán, kẹ́ ẹ sọ ọ́. Tó bá bínú sí yín, ẹ jẹ́ kó bínú. Prof ò bínú torí pé a sọ ọ́. Ìdákẹ́ wa ló bí i nínú.