Jíìmù àti Háà: Bí A Ṣe Ra Kámẹ́rà Ilé Kéwú Wa

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé mùálímù ilé kéwú ni ó ń sọ ọ́. Ohun tí ó bá dé bá ojú ni ojú í rí.

Ní ọdún 2019, lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ọmọ olóògbé àáfà kan tí ó kọ́ olùkọ́ tiwa ní kéwú ránṣẹ́ pè wá. Ikán ti wọ àpótí ìwé bàbá wọn. Nígbà tí a dé ibẹ̀, wọ́n ti kó àwọn ìwé náà sí orí ẹní nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọdé sì ń fi ìgbálẹ̀ gbá ikán kúrò lára wọn. Ara wa bù máṣọ. Ìwé àfọwọ́kọ ni gbogbo wọn. Àjúrúmíyà tí a fi ń kọ́ gírámà Lárúbáwá wà níbẹ̀, Rìsálà ti Ibn Abi Zayd náà wà níbẹ̀, àti àwọn mìíràn tí èèpo wọn ti ṣí kúrò.

Kì í ṣe Àjúrúmíyà àti Rìsálà fúnra wọn ni ó dùn wá jù. Àwọn wọ̀nyẹn wà ní títẹ̀ lọ́jà, owó díẹ̀ ni ènìyàn yóò fi rà wọ́n. Ohun tí kò sí lọ́jà ni àlàyé tí bàbá náà kọ sí etí ìwé, ní èdè Yorùbá tí ó fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ, wínníwínní bí ẹsẹ̀ èèrà, bí ó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ tirẹ̀. Etí ìwé yìí gan-an ni ikán sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

Àwọn ọmọ olóògbé ní kí a bá àwọn wá nǹkan ṣe sí i, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìwé kankan kò gbọdọ̀ jáde nílé. A kò bá wọn jiyàn. A mọ iye ìwé tí àwọn ènìyàn ti yá jáde ní ilé yẹn rí tí kò padà wá mọ́. Nítorí náà, kò sí ọ̀rọ̀ pé kí a kó wọn lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹ̀dà ìwé. Bí wọ́n tilẹ̀ gbà kí a kó wọn lọ, bí ènìyàn bá tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́ orí gíláàsì, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò kán ni. A gba fóònù lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé kéwú, a fi yà á wò. Àárín ojú ìwé hàn dáadáa, etí rẹ̀ ṣú, òjìji ọwọ́ wa sì dúró gbagidi sí orí àlàyé tí a tìtorí rẹ̀ wá. Ibẹ̀ ni a ti mọ̀ pé kámẹ́rà ni a ó rà.

Bàbá kan nínú jàmáà béèrè bóyá ó yẹ kí ilé kéwú ní kámẹ́rà. A dáhùn pé ìwé ni a fẹ́ yà, kì í ṣe ènìyàn. Ọ̀rọ̀ àwòrán yíyà gùn láàrin àwọn onímọ̀, a kò sì ní wọ inú rẹ̀ níhìn-ín. Ohun tí a kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé bàbá yẹn gan-an ni ó kọ́kọ́ fi owó sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí kún un kí a tó gbàgbé. Àwọn ọ̀dọ́ wa kan fẹ́ràn láti máa sọ pé inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni orúkọ kámẹ́rà ti jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èdè Látìnì ni, ìyàrá sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Èyí tí ó jẹ́ òótọ́ tó wa láti fi yangàn: Ibn al-Haytham, tí wọ́n bí ní ìlú Basra ní nǹkan bí ọdún 965, ti ṣe àlàyé bí oòrùn tí òṣùpá bò lápá kan ṣe máa ń yọ bí oṣù tuntun lára ògiri, bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá gba ihò kékeré wọlé. Kò sí ìdí tí a ó fi purọ́ mọ́ ọn.

Owó tí jàmáà dá kò pọ̀. Ìyá Àdínì wa ni ó ń tọ́jú rẹ̀, òun náà ni ó sì tẹ̀lé wa lọ sí Ìbàdàn, pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó parí kéwú lọ́dọ̀ wa tí ó ti di ayàwòrán. Ọmọ náà ti sọ fún wa nínú mọ́tò pé kámẹ́rà méjì ni agbára wa lè ká, Canon EOS 2000D àti Canon EOS 4000D. Ọdún 2018 ni ilé-iṣẹ́ náà gbé àwọn méjèèjì jáde, àwọn ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àwòrán yíyà ni wọ́n sì ṣe wọ́n fún. Nígbà tí ònítajà gbé wọn kalẹ̀ lórí tábìlì, a wò wọ́n títí. Dúdú ni méjèèjì. Ojú kan náà, ọwọ́ kan náà. Bátìrì kan náà ni wọ́n ń lò. Ibi 9 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbájú mọ́ láti mú kí àwòrán mọ́ kedere, àwòrán 3 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lè yà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, àwo inú wọn tí ó dípò fíìmù ayé àtijọ́ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn lọ ní títóbi. Ọkàn wa lọ sí jíìmù àti háà. Ẹni tí kò bá kéwú kò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀, nítorí àmì kan ṣoṣo ni ó wà láàrin wọn.

Ònítajà ní, "Àlàájì, èyí ní 24, ìyẹn ní 18. Ṣé 24 kò ju 18 lọ ni?" A kò tí ì lọ sí Mẹ́kà, ṣùgbọ́n bí ọjà bá ti fẹ́ tà, gbogbo onífìlà ni Àlàájì. A bi í pé kí ni 24 ọ̀hún. Ó ní mílíọ̀nù píkísẹ̀lì ni. A ní kí ó bá wa ṣí ìwé tí ó wà nínú páálí wọn, a sì fi bírò ṣe ìṣirò sí ẹ̀yìn ìwé owó. Àwòrán 2000D jẹ́ 6000 ní gígùn àti 4000 ní fífẹ̀. Ti 4000D jẹ́ 5184 àti 3456. Nígbà tí ènìyàn bá gbọ́ 24 àti 18, yóò rò pé ọ̀kan fi ìdá kan nínú mẹ́ta ju èkejì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ní gígùn nìkan, ohun tí ọ̀kan fi ju èkejì kò tó ìdá kan nínú mẹ́fà. Bí ojú ìwé tí ó gùn ní sẹ̀ntímítà 20 bá kún inú àwòrán láti òkè dé ìsàlẹ̀, àmì lẹ́tà tí ó fẹ̀ tó ìdajì mìlímítà yóò gba píkísẹ̀lì 15 nínú ọ̀kan, yóò sì gba nǹkan bí 13 nínú èkejì. Àmì lẹ́tà ni ọ̀rọ̀ wa. 13 tó láti fi rí i. Ònítajà wò wá bí ẹni pé a fẹ́ gba ìjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ìyàtọ̀ yòókù ni ó wá ká wa lára díẹ̀. Irin ni ẹnu 2000D níbi tí a ti ń so ojú gíláàsì mọ́ ọn, ike ni ti 4000D. Èyí kò jọ wá lójú, nítorí a kò ní ojú gíláàsì kejì tí a ó máa pààrọ̀. 2000D ní kẹ̀kẹ́ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí a ń yọjú wò, tí ènìyàn lè yí títí yóò fi bá ojú rẹ̀ mu. 4000D kò ní. Àwa tí a ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí a kò lè ka ẹsẹ̀ ìwé láìsí awò ojú, mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ojú ẹ̀yìn 2000D, níbi tí àwòrán ti ń hàn, tóbi tó íǹṣì 3, àmì tíntìntín tí ó kó o jọ sì jẹ́ 920,000. Ti 4000D jẹ́ íǹṣì 2.7, àmì rẹ̀ kò sì ju 230,000 lọ. Ọmọ wa ayàwòrán fi ọwọ́ kàn án. "Bàbá, níbí ni ẹ ó ti máa wò ó bóyá ó mọ́ o. Ẹ ra èyí tó wọ́n yìí, ẹ jọ̀wọ́."

Owó tí ó fi wọ́n tó owó oṣù méjì olùkọ́ kékeré tí ó wà lábẹ́ wa. Owó oṣù náà, kí a má tan ara wa, a máa ń pẹ́ kí a tó rí i san.

Ìyá Àdínì kò tí ì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí a ti wọlé. Ó ní, "Àáfà wa, ẹ má bínú. Ṣé kámẹ́rà náà ni yóò máa dá dúró lórí ìwé ni, àbí ẹ̀yin ni ẹ ó máa gbé e dání látàárọ̀ ṣúlẹ̀? Ọwọ́ yín ń gbọ̀n bí ẹ bá ń mu tíì." Ẹ̀rín pa ònítajà. Òótọ́ ni ó sọ. Bí a bá ra èyí tí ó wọ́n, owó tráípọ́ọ̀dù ti tán, owó iná méjì tí a ó tàn sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ti tán, àfi kí a tún padà lọ bẹ jàmáà. Ikán kò ní dúró de ìpàdé jàmáà. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ra 4000D, tráípọ́ọ̀dù, iná méjì àti káàdì tí àwòrán ń wọ̀, a sì mú ṣẹ́ǹjì díẹ̀ padà bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yàwòrán níbi ìsọmọlórúkọ àti wólímọ̀, ẹ gbọ́ ọ̀kan sí i. Ọmọ wa gbé fíláàṣì àlòkù kan wá láti sọ́ọ̀bù rẹ̀, kò tàn. Ó rò pé ó ti bàjẹ́ ni. Ìgbà tó yá ni a mọ̀ pé wọ́n ti yọ irin àárín kúrò ní ibi tí a ń fi fíláàṣì há lórí 4000D, bẹ́ẹ̀ náà ni lórí 2000D, nítorí náà ọ̀pọ̀ fíláàṣì tí kì í ṣe ti Canon fúnra rẹ̀ kò ní bá wọn ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ fún wa ní ìsọ̀. Àwa kò tilẹ̀ nílò rẹ̀, nítorí fíláàṣì máa ń mú kí tàdáà dán lójú ìwé, kò ní ṣeé kà.

Ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a gbé ìwé sí orí àga onígi tí a fi ń ka Kùránì, èyí tí kì í jẹ́ kí ìwé là tán, a sì dojú kámẹ́rà kọ ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀kan. Iná kan wà lápá ọ̀tún, ìkejì wà lápá òsì. A sún ojú gíláàsì náà síwájú, nítorí bí ènìyàn bá fi í sí 18 tí ó kéré jù, ìlà ìwé yóò tẹ̀ bí ọrun. A kò fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ó yà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A ní kí ó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 2 kí ó tó yà á, kí ìgbọ̀n ọwọ́ wa má bàa hàn. Ojú ìwé 74 ni a yà kí ilẹ̀ tó ṣú. Gbogbo rẹ̀ ni a wò lójú ẹ̀yìn kámẹ́rà, gbogbo rẹ̀ ni ó mọ́. Inú àwọn ọmọ olóògbé dùn, wọ́n gbé ọ̀kà àti ẹran wá.

Lálẹ́, a kó o sí orí kọ̀ǹpútà ọmọ wa. Ojú ìwé 12 kò mọ́. Kò burú jù, ẹni tí kò mọ̀wé yóò ní ó mọ́, ṣùgbọ́n àwọn àmì ti tàn ká bí òróró lórí aṣọ. Ojú kékeré yẹn ni kò jẹ́ kí a mọ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tí ì mọ́ tán tí a ti dé ibẹ̀. A tún 11 yà. Èyí tí ó kù, nígbà tí a fẹ́ ṣí i, fọ́ sí wẹ́wẹ́ ní àtẹ́lẹwọ́ wa. A ti ṣí i lánàá, kò fọ́. Ìṣíkejì ni kò gbà. Ikán ti jẹ ẹ́ kù bí ewé gbígbẹ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ tiwa ni ó fọ́ sí. A sọ fún àkọ́bí olóògbé. Ó dákẹ́, ó wá ní kí a máa bá iṣẹ́ lọ.

Láti ọjọ́ kẹta ni ọmọ wa ti rí ọgbọ́n kan dá. Kámẹ́rà méjèèjì ni ó ní Wi-Fi, ó sì so tiwa mọ́ fóònù rẹ̀, ohun tí kámẹ́rà ń wò bẹ̀rẹ̀ sí í hàn gàgàrà lójú fóònù, a lè rí àmì kọ̀ọ̀kan kí a tó yà á. Bátìrì kì í pẹ́ báyìí, a sì máa ń rán ọmọ lọ sí ilé tí ó ní jẹnẹrétọ̀ láti lọ gba iná sí i. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ojú ìwé kan ṣoṣo kò tún bàjẹ́ mọ́. Ẹ bi wá bóyá 4000D ni ó yẹ kí a rà. Bí Ìyá Àdínì bá wà níbẹ̀, a ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí ọmọ wa ayàwòrán nìkan bá wà níbẹ̀, a máa ń yí ọ̀rọ̀ padà.

Àwòrán ojú ìwé tí ó fọ́ náà wà lọ́dọ̀ wa. A tẹ̀ ẹ́ jáde, àwọn ọmọ kíláàsì àgbà sì ń kà á. Ní ìlà kẹrin àlàyé etí ìwé, àmì kan wà láàrin ìlà méjì, ó tàn ká. Irú ìkọ̀wé àwọn àgbà wa, abẹ́ fáà ni wọ́n ń fi àmì rẹ̀ sí, wọn a sì fi àmì kan ṣoṣo sí orí kọ́ọ̀fù. Bí àmì yìí bá jẹ́ ti ìlà òkè, fáà ni. Bí ó bá jẹ́ ti ìlà ìsàlẹ̀, kọ́ọ̀fù ni. Ọ̀nà méjèèjì ni ọ̀rọ̀ náà fi ní ìtumọ̀. Àwọn ọmọ pín sí méjì lórí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí a dá a fún wọn. A ní kí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ méjèèjì sílẹ̀.